Fẹ́ǹsì Tó Wà Láàárín Èmi àti Tíṣà

Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
lẹ́bàá Papalanto.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Zàíd Àkànbí ọmọ mi,

Kí àlàáfíà pàdé rẹ níbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá ọ, ìbáà jẹ́ lórí àga ní ọ́fíìsì, ìbáà jẹ́ lórí ìdúró níbi tí ẹ ti ń wọ mọ́tò. Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Haleemah ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò nílé yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ nílé tí ẹ kì í gbénú rẹ̀. Bí o bá ń béèrè mi, ara mi le, orúnkún mi nìkan ni kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Láfún mi ń tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku àwọn tírélà tó ń ti Ewékorò bọ̀ kì í jẹ́ kó funfun tó bí mo ṣe fẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, abo ni méjèèjì. Ìròyìn rere tó wà nìyẹn. Èyí tó kù, ẹjọ́ ni, ìwọ ni mo sì fẹ́ bá ṣe é.

Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù rẹ ń bẹ nínú àpótí, mo fi ìborùn wé e kí òtútù má baà mú un. Kò mọ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ í sọ. Bí mo bá gbé e lé etí, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan, bí mo bá sì tẹ ibi tí o ní kí n máa tẹ̀, gbogbo Ìdí-Ìyeyè ni yóò gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ sè lánàá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí ẹni tí ó kàn kò jìnnà sí ilé ìdáná mi ju ibi tí mo lè ju òkúta dé lọ, etí wọn sì mú ju ti ológbò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé. Àbúdù tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Papalanto ni yóò gbé e wá bá ọ. Bó bá dé, fún un lóúnjẹ, má kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìdúró.

O rántí pé ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwọ lo ní kí a mọ fẹ́ǹsì sí ààlà wa, pé àwọn ajagungbalẹ̀ ti ń sún mọ́ Papalanto, pé ilẹ̀ tí kò bá ní ògiri ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ṣe tiwọn. Mo ní ó dáa. Lẹ́yìn náà lo fi ohùn rẹ ránṣẹ́ nínú wásáàpù. Zàíd, ohùn rẹ yẹn kò ní ẹ̀kọ́. Ó kí mi, mo dáhùn, ṣùgbọ́n kí n tó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ, ó ti bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ní kó dúró, kò dúró. Mo bi í pé irú fẹ́ǹsì wo, kò dá mi lóhùn, ó ń sọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ mi lórí bí ẹni pé èmi ni ọmọ. Nígbà tó parí, mo pè ọ́ títí, o ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí mo tọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ọ gbé ohùn náà sínú fóònù lọ́hùn-ún ni mo dá lẹ́bi. Bọ́lárìnwá bíríkìlà ló tún un tẹ̀ fún mi nígbà mẹ́rin kí n tó gbọ́ òfin tí o kà tán. O ní orí ẹ̀rọ lo ti rí i, pé bí àwọn tó lajú ṣe ń bá aládùúgbò wọn ṣe nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ mọ fẹ́ǹsì. Kí n lọ sọ fún un kí n tó gbẹ́ ilẹ̀. Kí àwa méjèèjì jọ wo ààlà. Kí ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́. Kí a fi àfọ́kù ìgò sí orí ògiri nítorí olè. Bí sìmẹ́ńtì kò bá sì tó láti rẹ́ ojú méjèèjì, kí n jẹ́ kí ojú tó dán kọjú sí aládùúgbò, kí ojú tó rí ṣákiṣàki kọjú sí èmi.

Mo ní kí Bọ́lárìnwá tún ibẹ̀ tẹ̀. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe. Ta ló ń se ọbẹ̀ tó ń bu ẹran fún ará ilé kejì, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi omi ọbẹ̀ jẹun? Bọ́lárìnwá ní bí ohùn ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pé tòun ni kí òun mọ ọ́n.

Aládùúgbò tí ò ń wí yẹn, bí ẹni pé o ò mọ orúkọ wọn, Tíṣà Herbert ni. Àwọn ló fi pankẹ́rẹ́ kọ́ ọ ní ìṣirò. Àwọn ló gbé ọ lẹ́yìn sáré dé Papalanto lọ́jọ́ tí àkéèké ta ọ́. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ Ańgílíkà ní kí wọ́n lọ sinmi, àwọn kò sinmi, wọ́n ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwa àgbàlagbà, ibẹ̀ ni mo ti mọ Yorùbá kà tí mo sì mọ̀ ọ́n kọ. Ìyàwó wọn ti kú láti ọdún mẹ́jọ, Ìlérí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì wà ní Èkó bíi tìrẹ. Àwọn àti bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ ẹ, ni wọ́n jọ gbin pèrègún sí ààlà, láti ẹ̀yìnkùlé títí dé ojú títì. Ẹnikẹ́ni kò wọnlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ta okùn, wọ́n gbìn ín, wọ́n jẹ àkàrà, ó parí. Láràárọ̀ ni Tíṣà máa ń gba ẹ̀bá pèrègún yẹn jáde, wọn a máa fi ọwọ́ gbo ewé rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ, wọn a dúró lọ́gangan ilé ìdáná mi, wọn a kí mi kú iṣẹ́, wọn a sọ ohun tí rédíò wí, èmi náà a na ẹ̀kọ gbígbóná sí wọn, wọn a sì bá tiwọn lọ sí abẹ́ igi ìyeyè lójú títì. Inú ń bí mi sí wọn nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n máa pè wọ́n ní “ó” nínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí èmi bá ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò wá kọ́ ìwọ?

Mo ṣe gbogbo ohun tí o wí. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀, mo di láfún sínú ọ̀rá, mo gba iwájú ilé wọlé sí Tíṣà, èmi tí mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí. Tíṣà gbọ́ ìró bàtà mi, wọ́n ní ta ló kú. Mo ní ẹnikẹ́ni kò kú, fẹ́ǹsì ni. Wọ́n ní ṣebí pèrègún ni fẹ́ǹsì. Mo ní pèrègún kò lè dá ajagungbalẹ̀ dúró. Wọ́n ní búlọ́ọ̀kù náà kò lè dá wọn dúró, pé katakata ni wọ́n ń gbé wá. Mo ní kí a ṣe tiwa ná. Wọ́n ní yóò dínà afẹ́fẹ́. Mo ní afẹ́fẹ́ lè gba òkè. Wọ́n ní àwọn adìyẹ àwọn ńkọ́, ibo ni wọn yóò máa gbà. Mo ní Tíṣà, ẹ ò sin adìyẹ. Wọ́n ní bí àwọn bá wá fẹ́ rà ńkọ́. Zàíd, mo jókòó níbẹ̀ tí mo ń wo ẹni tó kọ́ gbogbo abúlé ní ọgbọ́n, tí wọ́n ń fi adìyẹ tí wọn kò tí ì rà bá mi jiyàn.

Mo ní kí a jọ lọ wo ààlà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Mo ní òfin sọ pé kí a jọ wò ó. A jáde. Mo nawọ́ sí ìdí pèrègún kan tó ti tẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, mo ní ibẹ̀ yẹn ni Bọ́lárìnwá yóò ti ta okùn, ṣé ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà tí mo fi ń nawọ́ sí apá ọ̀tún, ilé ewúrẹ́ lápá òsì ni Tíṣà kọjú sí, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní kò burú bẹ́ẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọ̀rọ̀ mi kò tilẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè yíjú wò. Ewúrẹ́ mi gan-an rí ojú wọn jù mí lọ lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan fọ́ọ̀mù. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi kò sì gbọ́ òyìnbó. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún kó kà á fún mi ní abúlé yìí, bí kò ṣe Tíṣà? Wọ́n gbà á, wọ́n lọ síbi fèrèsé, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ imú bí ẹni tó ń gbóòórùn ẹja, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ohùn wọn dùn létí bíi ti ìgbà tí wọ́n ń ka Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní ìjọba sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ fẹ́ǹsì sí ààlà gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n kórè àgbàdo lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi èyí tó dàgbà jù nínú aládùúgbò méjèèjì, bí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní lóòótọ́, ìjọba yìí ti ń gbọ́n. Mo padà sílé, mo ní kí Bọ́lárìnwá máa lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

O rántí ọjọ́ tí o pè mí tí mo ṣàlàyé fún ọ. O rẹ́rìn-ín títí o fi ń wúkọ́. O ní kò sí àgbàdo kankan nínú fọ́ọ̀mù yẹn, pé orúkọ, ọwọ́ àti ọjọ́ ni wọ́n béèrè, pé Tíṣà ń tàn mí. Mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu, nítorí o ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹni tó nà ọ́ dàgbà ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Mo mú fọ́ọ̀mù, mo padà lọ bá wọn, mi ò wọ aṣọ Jímọ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n sọ pé àwọn kò fọwọ́ sí i, kí n mọ èwo ni ṣíṣe. Wọ́n na ọwọ́, mo fi bírò sí i. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn, Zàíd, tó kọ lẹ́tà iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí o gbà, tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ pé bí ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni. Wọ́n kọ orúkọ wọn gba orí ọ̀rọ̀ ìjọba kọjá, ó dagun, ó jáde kúrò nínú ìwé. “Her” wà lórí fọ́ọ̀mù, “bert” wà lórí tábìlì. Wọ́n dá bírò padà fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Mo rí i bí ìwọ̀sí. Bó bá jẹ́ ìwọ náà, kí ni o máa pè é? Mi ò dágbére. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bí wọ́n bá dúró lọ́gangan ilé ìdáná mi láràárọ̀ tí wọ́n kí mi, mo ń dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn, mi ò sì na ẹ̀kọ. Lọ́jọ́ kẹrin mo ní kí Bọ́lárìnwá gé pèrègún. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀. Tíṣà wà ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ní Papalanto lọ́jọ́ náà, alẹ́ ni wọ́n fi mọ́tò gbé wọn dé iwájú ilé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi kò dùn bí mo ti rí i. Ọjọ́ tí bàbá rẹ gbin wọ́n, oyún rẹ ló wà nínú mi. Ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́ kí n lè ní kó dúró.

Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ti là dáadáa, mo ń sá láfún lórí ẹní. Tíṣà ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wọn jáde, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí pèrègún àkọ́kọ́ máa ń wà. Ọwọ́ kò ba nǹkan kan. Wọ́n sún síwájú, wọ́n tún nà án. Mi ò kí wọn, nítorí èmi ni wọ́n ṣẹ̀. Mo ní nínú ọkàn mi pé ààlà ni wọ́n ń fi apá wọ̀n kí wọ́n lè rí ẹjọ́ rò. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, ọwọ́ wọn nà sókè bí ìgbà tí wọ́n ń pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, wọ́n kọjá ààlà níbi tí Bọ́lárìnwá kò tí ì gbẹ́ dé, wọ́n wọ ebè ilá mi, wọ́n dúró sí i. Mo ní ogun ti dé nìyẹn. Mo wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ilá mi ni wọ́n dúró lé o. Wọ́n yíjú sí ògiri ilé ewúrẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ Ìyá Zàíd, ilá yẹn ló wu àwọn tí àwọn fi ní kí àwọn wá wò ó, ó ń ṣe dáadáa. Orí rẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Wọ́n fà sẹ́yìn kí wọ́n lè padà, ẹsẹ̀ wọn bọ́ sínú kòtò ìpìlẹ̀, wọ́n sì ṣubú.

Mi ò mọ ìgbà tí mo da láfún nù. Èmi àti Bọ́lárìnwá gbé wọn jókòó sí etí kòtò. Ọlọ́run yọ wọ́n, egungun kankan kò ṣẹ́, ojúgun wọn nìkan ló bó. Awò ojú wọn bọ́ sílẹ̀, mo mú un, mo sì rí i pé dígí kò sí lójú rẹ̀ kan, iyẹ̀pẹ̀ sì ti di igun rẹ̀, kì í ṣe òní ló bọ́. Mo ti ń rí awò ojú yẹn lójú wọn látọjọ́ yìí, mi ò sì rí i. Tíṣà fi ọwọ́ pa ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní Bàrákátù, níbo ni ẹ gbé pèrègún sí? Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, Tíṣà kò pe orúkọ mi rí. Nígbà náà ni mo tó mọ̀.

Mo rán Bọ́lárìnwá pé kó lọ ra ìṣó wá, bẹ́ẹ̀ ni a ò nílò ìṣó. Bó ti lọ, mo bi wọ́n nípa ojú wọn. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ó ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán, títí ó fi ku àárín, àárín náà sì wá lọ. Ní báyìí, ìmọ́lẹ̀ lásán ni àwọn ń rí, ìró ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń mọ ènìyàn. Láti ilẹ̀kùn wọn dé ilé ìdáná mi, pèrègún mẹ́rìnlá ni, èyí tó kángun sí mi yà sí méjì, ọwọ́ wọn ló fi ń mọ̀ pé àwọn ti dé. Láti ibẹ̀ dé ojú títì, mọ́kàndínlógún. Bí wọ́n ṣe ń rìn láti ọdún mẹ́rin nìyẹn, èmi sì ń sọ pé arúgbó yìí fẹ́ràn ewé. Ti fọ́ọ̀mù ńkọ́, mo ní. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Wọ́n ní ojú ti àwọn láti sọ fún obìnrin tí àwọn kọ́ ní ìwé pé kó wá máa kàwé fún àwọn, ìdí nìyẹn tí àwọn fi ka ohun tó wu àwọn kí ìjọba sọ.

Inú bí mi, Zàíd. Kò ní jẹ́ irọ́ bí mo bá sọ pé inú bí mi kí omi tó bọ́ lójú mi. Mo ní irú aládùúgbò wo lẹ jẹ́ gan-an? Ọdún mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ fún pèrègún, ẹ ò sọ ọ́ fún èmi tí mò ń na ẹ̀kọ sí yín láràárọ̀? Wọ́n ní pèrègún kì í káàánú ènìyàn. Mo lọ gbé omi wá fún wọn mu, mo fọ ojúgun wọn, mo fi òróró pa á, mo sì ń bú wọn lọ nígbà tí mò ń pa á.

Mo bi wọ́n bóyá kí a dí kòtò náà. Wọ́n ní rárá, èyí tí a ti gé ti di gígé, kí a máa kọ́ fẹ́ǹsì náà lọ, pé ìwọ náà kò kúkú wí ohun tó burú, ajagungbalẹ̀ wà lóòótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n wí ni pé búlọ́ọ̀kù máa ń bó ènìyàn lọ́wọ́. Mo pe Bọ́lárìnwá. Mo ní apá ọ̀dọ̀ Tíṣà ni kó rẹ́, láti ilẹ̀kùn wọn dé ojú títì, kó rẹ́ ẹ kó jọ̀lọ̀, tèmi kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ní èmi tí mo ti ń bínú sí òfin yẹn láti ọjọ́ yìí ńkọ́. Mo ní ṣé òun ló ń bá mi bínú ni. Ó ní àfọ́kù ìgò tí o wí ńkọ́. Mo ní bí ọwọ́ Tíṣà bá ṣèèṣì gun òkè, ṣé ìgò mọ ẹni tó ń jẹ́ olè ni? Kò sí ìgò. Kò sì gbọ́dọ̀ ga ju àyà Tíṣà lọ, kí ìkíni lè máa kọjá. Mo wá ní lọ́gangan ilé ìdáná mi, kó jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù kan yọ síta bí ìgúnpá, kí ọwọ́ lè bá a. Bọ́lárìnwá kọ̀. Ó ní búlọ́ọ̀kù tó bá yọ síta, iṣẹ́ tó bàjẹ́ ni, àwọn ẹgbẹ́ òun yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó bà á jẹ́ fún mi, pé èmi ni mo ni ìbàjẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló parí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà rìn ín lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n lè kọ́ ọ. Wọ́n ní kò gba ìrì sára bíi pèrègún, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kò ní òórùn kankan. Lẹ́yìn náà wọ́n bá gègé kan, ibi tó wú sókè, nínú rírẹ́ rẹ̀ nítòsí títì, wọ́n ní kí Bọ́lárìnwá wá há a kúrò kó tún un rẹ́. Ó há a. Wọ́n tún pè é padà. Ọmọkùnrin náà, tó ti fi ojú ara rẹ̀ mọ̀ láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ń fi ìbínú ṣiṣẹ́, ó ń kùn sí mi létí pé ẹni tí kò ríran ni ó ń rí àṣìṣe òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe sí Zàíd ní ìṣirò. Nítorí náà, nígbà Iléyá, bí o bá dé tí o rí i pé apá ọ̀dọ̀ ìyá rẹ rí ṣákiṣàki, má la ẹnu rẹ. Òfin rẹ ni mo tẹ̀ lé. O kà á tán pátá, o sọ fún mi kí a jọ wo ààlà, ẹ̀rọ rẹ kò sì sọ fún mi kí n wo ẹni tí mo bá jọ ń wò ó.

Mo ti fi fọ́ọ̀mù sínú lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ìyókù orúkọ, sọ fún wọn pé ó wà lórí tábìlì ní Ìdí-Ìyeyè, kí wọ́n wá wò ó.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ti Bọ́lárìnwá kù díẹ̀, nítorí ó gba owó rírẹ́ lẹ́ẹ̀mejì níbi gègé yẹn. Láfún tí mo dà nù kò ṣeé sá mọ́. Kí o sì ra bàtà tó bo ẹsẹ̀ fún Tíṣà, sálúbàtà yẹn kò dára fún wọn mọ́. Má fi owó náà sí báńkì. Ọmọbìnrin POS tó ń san owó fúnni ní Papalanto béèrè nọ́ńbà àṣírí mi sókè níjelòó, èmi náà sì dá a lóhùn sókè, nítorí a kì í fi ohùn kékeré dá ènìyàn lóhùn bí ẹni tó jalè. Láti ìgbà náà, àwọn tó tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn ń fi nọ́ńbà náà kí mi ní ọjà. Gbé owó fún Àbúdù.

Ohun tó kẹ́yìn ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé láti ọ̀sán. Tíṣà ní kí n ṣèlérí fún àwọn pé mi ò ní fi ẹnu mi sọ ọ̀rọ̀ ojú wọn fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ Ìlérí ọmọ wọn. Wọ́n ní bó bá gbọ́, yóò gbé àwọn lọ sí Èkó, yóò gbé àwọn jókòó lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí àwọn kò ti mọ ọ̀nà ibì kan, àwọn yóò sì di ẹrù. Mo ṣèlérí. Ẹnu ni wọ́n dárúkọ, mi ò sì fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Wọn kò dárúkọ ọwọ́.

Lọ bá Ìlérí. Má kọ ọ́ sí wásáàpù, má sì fi ohùn rẹ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ yẹn ránṣẹ́ sí i. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Kí i, béèrè ọkọ àti ọmọ, bó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o tó sọ ọ́. Sọ fún un kó má gbé mọ́tò wá bí ẹni tó ń wá kó ẹrù. Kó wá bí ẹni tó wá kí bàbá rẹ̀, kó sùn mọ́júmọ́, kó wá ní òun fẹ́ kí àwọn jọ lọ rí dókítà ojú ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n sì padà wá sílé lọ́jọ́ náà. Bóyá nǹkan kan ṣì wà tí dókítà lè ṣe, Ọlọ́run ló mọ̀. Bó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lójú títì, kó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn, kí ohùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló sọ fún un, kó ní òun kàn rántí bàbá òun ni. Kò ní jẹ́ irọ́ púpọ̀.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí. Kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ, kò ní gba orúkọ rere lọ́wọ́ rẹ. Yóò jẹ́ kí o dàgbà, kí o darúgbó, títí ìwọ náà yóò fi jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí wàá máa fi ìbínú kọ lẹ́tà gígùn sí ọmọ tí o fẹ́ràn. Àmín.

Èmi ni,
ìyá rẹ,
Bàrákátù.